Orúkọ Méjì Lórí Ewé Kan

Bí o bá gbé ohunkóhun wọ ilé Màmá Festac, ìbáà ṣe ẹja tútù láti ọjà Agboju, ìbáà ṣe bàtà tuntun, ìbéèrè kan ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́: "Níbo lo ti rí i?" Wọn kì í sọ pé ó dára tàbí pé kò dára. Bí o bá ní ọjà ni, wọ́n á ní apá ibo nínú ọjà, lọ́wọ́ ta ni, ṣé láàárọ̀ ni àbí nírọ̀lẹ́. Ọmọ tí kò bá lè dáhùn, ó di dandan kó padà lọ wádìí. Èmi gan-an ti padà sí Agboju rí nítorí ata rodo lásán. Mo ń kùn lọ, mo ń kùn bọ̀, mo sì búra lọ́kàn mi pé mi ò ní fẹnu kan ọbẹ̀ náà. Mo jẹ ẹ́ ṣá.

Ìyá tó bí màmá mi ni wọ́n. Màmá Festac ni gbogbo àwa ọmọọmọ ń pè wọ́n, torí a ní ìyá àgbà mìíràn ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, bíi ti ọ̀pọ̀ àgbà tó kún àdúgbò wa, àmọ́ iṣẹ́ tiwọn kì í ṣe ti fáìlì. Ilé kan ni wọ́n ń tọ́jú, ilé ńlá tó kún fún kọ́bọ́ọ̀dù irin, ewé gbígbẹ ló sì wà nínú àwọn kọ́bọ́ọ̀dù náà látòkè délẹ̀: ewé igi, koríko, itàkùn, òdòdó, èyí tí wọ́n já nínú igbó Oǹdó, èyí tí wọ́n já létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n á fi ewé sáàárín ìwé ìròyìn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ, wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí funfun. Nísàlẹ̀ páálí náà ni wọ́n máa kọ orúkọ ewé sí, àti ibi tí wọ́n ti já a, ọjọ́ tí wọ́n já a, ẹni tó já a, àti ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ. Ilé ewé ni Màmá ń pe ibẹ̀. Wọ́n ní bó ti wù kí ewé lẹ́wà tó, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti mọ ibi tó ti wá, kò wúlò fún ìmọ̀ kankan. "Ewé tí kò nílé," wọ́n á ní, "ẹ gbé e fún ewúrẹ́."

Ohun tó fa ìtìjú mi nìyẹn lọ́jọ́ tí mo mú Dàpọ̀ wá kí wọn. Dàpọ̀ ni ọkọ mi báyìí, àmọ́ nígbà yẹn, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra wa ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, Màmá kí i dáadáa, wọ́n ní kó jókòó, wọ́n wá yíjú sí mi: "Àdùkẹ́, níbo lo ti rí i?" Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ohun tí mo sọ fún màmá mi nìyẹn, òun náà sì wà níbẹ̀. Màmá Festac ní ṣé nínú ìjọ ni àbí lẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó rí èsì ro, Dàpọ̀ tí kò mọ nǹkan kan ti fi ẹ̀rín sọ pé ibùdókọ̀ Mazamaza ni, pé èmi ni mo ní kí òun bá mi ṣẹ́ owó torí kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò ní ṣéńjì. Ojú màmá mi yí padà. Màmá Festac rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "Ìwọ lo máa bá a gbé," wọ́n ní. "Má parọ́ ibi tó o ti já a."

Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọn ò jáwọ́ nínú ewé. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń rìn lọ sí ẹ̀bá kánáà tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì àti ọ̀rá kan lọ́wọ́. Gbogbo ilé ló wá di ibi tí ewé ti ń gbẹ. O ò lè jókòó sórí tìmùtìmù kan kí o máà gbọ́ kí nǹkan fọ́ wàràwàrà lábẹ́ rẹ. Màmá mi kó ìwé ìròyìn àtijọ́ dànù lẹ́ẹ̀kan nígbà tó wá tún ilé ṣe, ewé sì wà nínú wọn. Ìjà ọjọ́ yẹn pọ̀ débi pé bàbá mi wá pẹ̀tù sí i láti Amuwo, tó sì ń bẹ ìyàwó àti ìyá ìyàwó lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ó wá di ọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìyá arúgbó kan ń já ewé ní ìdájí. Ẹ mọ bí àwa èèyàn ṣe rí. Kò pẹ́ tí pásítọ̀ wa fi wá sílé, ọ̀dọ́kùnrin oníwàpẹ̀lẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ náà kò rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ rárá. Ó ní àwọn kan ń sọ pé bóyá Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbára lé nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí Olúwa. Màmá kò bínú. Wọ́n ní kí n gbé omi kaná, wọ́n sì fi àwọn páálí wọn hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan koríko tó ń hù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gan-an. Nígbà tó tún fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, Màmá dá a lẹ́kun. "Pásítọ̀, ta ló sọ ọ́, ìgbà wo ló sì sọ ọ́? Bí ẹ ò bá mọ méjèèjì, ẹ jẹ́ ká mu tíì wa." Wọ́n mu tíì. Láti ọjọ́ náà ni pásítọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò ewé tí kò bá mọ̀ ránṣẹ́ sí Màmá lórí fóònù mi.

Ẹni tó bá fẹ́ lóye Màmá gbọ́dọ̀ mọ òfin kan nínú ilé ewé. Ènìyàn máa ń ṣì ewé pè. Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń ṣì í pè, akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣì í pè. Bí ẹlòmíràn bá wá rí i lẹ́yìn ọdún pípẹ́ pé orúkọ tó wà lórí páálí kò tọ́, kò gbọ́dọ̀ pa á rẹ́. Yóò kọ orúkọ tó tọ́ sórí bébà kékeré kan, yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọjọ́ sí i, yóò wá lẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́. Páálí mìíràn wà tí bébà bíi mẹ́rin wà lára rẹ̀, tí gbogbo àwọn tó kọ wọ́n sì ti kú tán. Mo bi Màmá rí pé kí ni wọ́n ń fi ìdọ̀tí ṣe, kí ló dé tí wọn ò fi èyí tó tọ́ nìkan sílẹ̀. Wọ́n ní àṣìṣe dà bí àtẹ̀gùn ilé. "Bó o bá yọ ọ̀kan kúrò torí pé ó ti gbó, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ ló máa ṣubú."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ewé ni wọ́n ń ṣe ènìyàn. Nígbà tí bàbá mi ń fẹ́ màmá mi, Màmá Festac kò fẹ́ ẹ rárá. Wọ́n pè é ní ọ̀lẹ lójú gbogbo ẹbí, wọn ò sì bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bàbá mi kì í ṣe ọ̀lẹ, gbogbo Amuwo ló mọ̀ ọ́n mọ́ iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀, Màmá dìde níwájú àwọn àlejò, wọ́n ní ọkùnrin yìí ni àwọn pè ní ọ̀lẹ lọ́jọ́sí, àti pé irọ́ ni àwọn pa mọ́ ọn. Màmá mi bojú. Nígbà tá a délé, ó ní kí ló dé tí wọ́n fi tún tú ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé síta. Bàbá mi ní kó fi Màmá sílẹ̀, pé kò sí ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ òun lọ́jọ́ náà tó ìyẹn. Màmá Festac alára kàn ń bọ́ bàtà wọn. "Bí mi ò bá sọ ohun tí mo kọ́kọ́ pè é," wọ́n ní, "báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé ojú mi ti là?"

Mo ti sọ̀rọ̀ títí, mi ò tíì dárúkọ Àǹtí Bùnmi. Àgùnbánirọ̀ ni Àǹtí Bùnmi nígbà tí ìjọba rán wọn sí ilé ewé, lábẹ́ Màmá. Nígbà tí wọn ò rí ilé gbé, Màmá mú wọn wá sí Festac, wọ́n sì gbé inú yàrá tó padà di tèmi. Màmá kọ́ wọn níṣẹ́ bí ẹni ń kọ́ ọmọ lóúnjẹ sísè, pẹ̀lú ìbáwí. Nígbà tó yá, Àǹtí Bùnmi di ọ̀gá pátápátá ní ilé ewé náà, àwọn náà sì ti ń lo awò ojú, síbẹ̀ tí wọ́n bá wọlé sí wa, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń kí Màmá, títí Màmá yóò fi ní kí wọ́n dìde kí eékún má baà dùn wọ́n.

Àǹtí Bùnmi ló mú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó gbogbo ewé inú ilé náà sínú dátábéèsì kan. Wọ́n á ya fọ́tò páálí kọ̀ọ̀kan, wọ́n á lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, wọ́n á wá tẹ gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Bí o bá tẹ orúkọ ewé kan, gbogbo páálí tó ń jẹ́ orúkọ náà á jáde. Bí o bá tẹ orúkọ ìlú kan, máàpù á ṣí, wàá sì rí ohun tí wọ́n ti já níbẹ̀. Tó bá parí, wọ́n á ṣí i sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè wò ó. Mo rò pé Màmá máa kọ̀. Ẹni tí kò fẹ́ kí n fi máíkírówéèfù gbé oúnjẹ kaná? Àmọ́ wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń bẹ̀rù iná àti ikán.

Iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé Màmá nìkan ló lè ṣe é. Àwọn ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ kò lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn àgbà, wọn ò sì mọ àwọn abúlé tí orúkọ wọn ti yí padà. Àmọ́ ìtọ̀ ṣúgà ti mú ojú Màmá, wọn ò lè kàwé mọ́. Bí mo ṣe di ojú wọn nìyẹn. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń ṣí láptọ́ọ̀pù lórí tábìlì oúnjẹ, mo ń ka ohun tí wọ́n tẹ̀, mo ń wo fọ́tò, Màmá á sì dijú, wọ́n á ní rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ilé-ìwé kan ni, òjò sì ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi á kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Àǹtí Bùnmi. Àǹtí Bùnmi ló ní àṣẹ láti yí ohunkóhun padà níbẹ̀, kíkà ni tèmi.

Mo gbádùn àwọn Sátidé yẹn ju bí mo ṣe jẹ́ kí wọ́n mọ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, a bá koríko inú ẹrẹ̀ kan tí ọ̀gá Màmá àtijọ́ ní ilé ewé já kí ìjọba tó kọ́ ilé kankan síbí. Lára páálí, wọ́n kàn kọ ọ́ pé àbàtà ni, lẹ́bàá ọ̀nà Badagry. Màmá júwe ibẹ̀ fún mi, mo sì wá a lórí máàpù títí mo fi rí i pé ibi tí wọ́n ń wí kò jìnnà sí kílóòsì wa rárá. Mo ní, "Màmá, inú ilé wa níbí ni o." Wọ́n ní àwọn mọ̀, torí ẹ̀ ni àwọn ṣe gba ilé náà nígbà tí ìjọba ń pín in. "O ò rí i pé ẹ̀fọn kò fi wá lọ́rùn sílẹ̀? Àwa la wá bá wọn."

Ọjọ́ Sátidé bẹ́ẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ṣẹlẹ̀. A dé orí itàkùn iṣu igbó kan. Màmá fúnra wọn ló já a nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Mo ka ibi tó ti wá àti ẹni tó já a. Màmá ní kí n ka àwọn orúkọ rẹ̀. Mo ní gúdúgúdú ni, Àǹtí Bùnmi ló sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Èyí tó ṣáájú ńkọ́?" Mo ní kò sí èyí tó ṣáájú. Wọ́n ní kí n wo fọ́tò. Mo wò ó, lóòótọ́, bébà méjì ló wà lára páálí náà. Èyí àkọ́kọ́, tí Màmá fi ọwọ́ ara wọn kọ, sọ pé iṣu igbó tí àwọn ará oko ń jẹ nígbà ìyàn ni. Èkejì, ti Àǹtí Bùnmi, sọ pé rárá, gúdúgúdú ni, èyí tó ń pa ènìyàn. Nínú dátábéèsì, èkejì nìkan ló wà.

Màmá ní kí n wo àwọn mìíràn. Wọ́n rántí gbogbo ewé tí wọ́n ti ṣì pè rí, ẹ gbà mí gbọ́, wọ́n ń kà wọ́n sílẹ̀ fún mi bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ rẹ̀. Lórí gbogbo wọn, ohun kan náà ni. Níbi tí ẹlòmíràn ti tún Màmá ṣe, orúkọ tí Màmá kọ́kọ́ sọ ti pòórá. Àṣìṣe àwọn yòókù wà níbẹ̀ lódindi, títí kan ti ọ̀gá wọn àtijọ́. Tiwọn nìkan ló mọ́ tónítóní. Màmá ní kí n pe Bùnmi.

Àǹtí Bùnmi wá ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú èso tí wọ́n dúró rà ní Apple Junction. Wọ́n kúnlẹ̀, inú wọn sì ń dùn, torí wọ́n rò pé Màmá fẹ́ dúpẹ́ ni.

"Màmá, èmi ni mo yọ ọ́," ni Àǹtí Bùnmi wí. "Mo fẹ́ kó jẹ́ surprise ni, fún birthday yín. Mo ní kí n tó ṣí i fún gbogbo ayé, kí n kọ́kọ́ clean orúkọ yín."

Màmá ní ta ló rán an. Àǹtí Bùnmi ní kò sẹ́ni tó rán àwọn, pé gbogbo àwọn tí Màmá kọ́ ní ilé ewé ló fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ayé ti yàtọ̀, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí á ya ohun tí wọ́n bá rí, wọ́n á gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á máa fi àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò lè jókòó kí àwọn máa wo ẹni tí yóò fi Màmá ṣẹ̀sín. Mo wà nínú kíṣíìnì, mò ń fọ èso, mo sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí n má parọ́, èmi náà rò pé wọ́n jàre. Ìyá ta ni kò fẹ́ kí wọ́n bo àṣírí òun?

Màmá ṣàlàyé fún wọn bí ẹni tún ń ṣí ìwé àkọ́kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní ẹnì kan ti kọ̀wé nígbà kan rí nípa ohun tí ará oko ń jẹ nígbà ìyàn, páálí yẹn ló sì tọ́ka sí, torí orúkọ tí àwọn kọ síbẹ̀ ló gbà gbọ́. Ìwé náà ṣì wà níta. Bí ẹni tó ń kà á bá wá páálí náà lọ sínú dátábéèsì, tí kò bá orúkọ àtijọ́ níbẹ̀, yóò rò pé ewé mìíràn ni, yóò gba ohun tó wà nínú ìwé gbọ́, yóò sì lọ kọ́ ẹlòmíràn. "Májèlé ni, Bùnmi. Àṣìṣe mi nìkan ló lè kìlọ̀ fún un."

Àǹtí Bùnmi ní ó dáa, àwọn á dá orúkọ àtijọ́ padà, àmọ́ àwọn ò ní kọ ẹni tó sọ ọ́. Màmá ní rárá. Ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́ni, ẹnikẹ́ni lè jù ú nù. Wọ́n bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí Àǹtí Bùnmi fi bú sẹ́kún, àgbàlagbà tó ní òṣìṣẹ́ lábẹ́. Wọ́n ní kì í ṣe ti Màmá nìkan ni, pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i ló máa rí i pé àwọn, tí wọ́n jẹ oúnjẹ Màmá, tí wọ́n sùn nílé Màmá, ni wọ́n tún Màmá ṣe. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti kọ bébà yẹn ni ojú ti ń ti àwọn. Wọ́n gbé e pamọ́ sínú àpò nígbà náà, wọn ò lè lẹ̀ ẹ́, títí Màmá fi rí i fúnra wọn, tí wọ́n kà á, tí wọ́n sì lọ gbé gọ́ọ̀mù wá.

Màmá na ọwọ́ sí ibi tí ohùn náà ti ń wá, torí ojú kò ríran dé ibẹ̀ mọ́. Wọ́n di ọwọ́ Àǹtí Bùnmi mú.

"Ọjọ́ tó o tún mi ṣe ni mo mọ̀ pé mo ti kọ́ ènìyàn," ni Màmá wí. "Ohun tó o fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn?"

Àǹtí Bùnmi rọra fa ọwọ́ wọn yọ, wọ́n ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè ṣe é," wọ́n sì gbé báàgì wọn. Wọ́n gbàgbé bàtà tí wọ́n fi ń rìn nínú ilé sí ẹsẹ̀ títí wọ́n fi dé ibi mọ́tò.

Inú bí mi. Mo ní kí n kọ̀wé sí ẹni tó ga ju Àǹtí Bùnmi lọ. Màmá ní mi ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó yọ ọ́ ni yóò dá a padà, tí ẹlòmíràn bá bá a ṣe é, a jẹ́ pé wọ́n kàn fipá mú un ni. Àǹtí Bùnmi kò pè mọ́. Sátidé kan tẹ̀ lé òmíràn, Màmá ò ní kí n ka ewé mìíràn mọ́ àfi ìyẹn. Màá ṣí i, màá wò ó, màá ní kò tíì sí. Wọ́n á ní ó dáa, ká jẹun.

Nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà náà wọ̀ wọ́n lára, a gbé wọn lọ sí ọsibítù. Mo mú láptọ́ọ̀pù lọ, nọ́ọ̀sì ń wò mí bíi pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe lórí aláìsàn. Ní Sátidé tó kẹ́yìn, ohùn Màmá ti lọ sílẹ̀, mo ní láti fi etí lé wọn lẹ́nu. Wọ́n ní kí n wò ó. Mo wò ó. Orúkọ kan ṣoṣo ló ṣì wà níbẹ̀. Mo wo ojú ìyá mi àgbà, bó ti rù, mo sì fẹ́ sọ pé ó ti wà níbẹ̀. Ta ló máa mọ̀? Màmá gbọ́ bí mo ṣe dákẹ́.

"Ohun tó o rí ni kó o sọ, Àdùkẹ́."

Mo ní, "Kò tíì sí níbẹ̀, Ma."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Yóò dá a padà," ni wọ́n wí. "Mo mọ ọmọ tí mo kọ́." Wọ́n sùn lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti fi wá sílẹ̀. Ó dùn mí débi pé mi ò lè gbé láptọ́ọ̀pù náà kúrò nínú báàgì.

Ẹ mọ bí ìsìn ìsìnkú ṣe ń rí. Gbogbo ẹni tó bọ́ síwájú ló ń sọ pé Màmá kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí. Bọ̀dá màmá mi ní ìyá àwọn kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ láyé wọn. Olóyè kan láti ilé ní aláìlábàwọ́n ni. Mo jókòó síbẹ̀, inú ń bí mi, torí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Kò sì dájú pé Màmá á fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Àǹtí Bùnmi ni wọ́n pè kẹ́yìn. Wọn ò mú bébà kankan dání. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, wọn ò sì wo ẹnikẹ́ni nínú wa.

"Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo gbọ́," ni wọ́n wí. "Ó ku ẹyọ kan tí ẹ ò sọ. Màmá ṣe àṣìṣe. Wọ́n pe iṣu tó ń pa ènìyàn ní èyí tó ṣeé jẹ. Èmi ni mo tún un ṣe, mo jẹ́ àgùnbánirọ̀ nígbà yẹn, Màmá fúnra wọn ló sì gbé gọ́ọ̀mù wá fún mi. Mo yọ ọ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà torí mo fẹ́ràn wọn. Mo ti dá a padà láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú orúkọ wọn. Ó dùn mí pé mo pẹ́."

Ìyá kan lẹ́yìn mi pòṣé, ó ní ṣé irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níwájú òkú nìyí. Pásítọ̀ wo ilẹ̀, ó sì ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Mo fa fóònù yọ, mo tẹ nọ́ńbà páálí náà. Màmá mi yíjú sí mi pé kí ni mò ń fi fóònù ṣe nínú ilé Ọlọ́run. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á jẹ́jẹ́ sí i létí, orúkọ tí itàkùn náà kọ́kọ́ jẹ́ àti orúkọ ìyá rẹ̀ tó sọ ọ́, lẹ́yìn náà gúdúgúdú, àti orúkọ Bùnmi tó tún un ṣe. Nígbà tí mo kà á tán, màmá mi di ọwọ́ mi mú, ó sì ní kí n tún un kà.